Fólítì Ni Kí Ẹ Fi Kó Wọn Jọ: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Iná Àtijọ́ àti Jẹnẹrétọ̀ Ilé

Ẹ gbé gílóòbù àtijọ́ méjì sórí tábìlì. Ìdí idẹ kan náà ni wọ́n ní, gíláàsì wọn rí bákan náà, wáyà tín-ín-rín inú wọn sì jọra. Ọ̀kan jẹ́ ti fólítì 32, èkejì jẹ́ ti fólítì 110. Bí ẹ bá lọ́ èyí tó jẹ́ 32 sínú iná fólítì 110, yóò kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí nìyẹn. Ó ti lè tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí gílóòbù náà ti wà láyé, ìṣẹ́jú-àáyá kan ni yóò sì fi kú. Ìdí nìyí tí a kì í fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa ṣa iná àtijọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nítorí pé ó wuyì. Fólítì ni kí ẹ fi kó wọn jọ, kí jẹnẹrétọ̀, bátìrì, pátákó súwíìṣì, wáyà, ilé gílóòbù (ibi tí à ń lọ́ gílóòbù sí) àti gílóòbù fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹbí kan. Ilé gílóòbù mẹ́fà tó bá ẹ́ńjìnnì kan mu sàn ju ọgọ́ta tí kò mọ ara wọn rí lọ.

Ibi tí 32 ti wá

Kí wáyà iná tó dé àwọn oko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, olóko tó bá fẹ́ iná ní láti ṣe tirẹ̀ nílé. Ọdún 1916 ni Delco-Light jáde ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio. Ẹ́ńjìnnì onípísítìn kan ni, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, ó ń mu kẹrosíìnì, wọ́n sì so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn tààrà láìsí bẹ́líìtì láàárín. Bátìrì onígíláàsì 16 ló máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ onígi. Fólítì 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, bó ṣe di 32 nìyẹn. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe jẹnẹrétọ̀ tí atẹ́gùn ń yí lórí òpó dé, irú Jacobs àti Wincharger, 32 ni àwọn náà ṣe, torí òun ló ti wà nílé àwọn olóko. Kohler gba ọ̀nà mìíràn ní 1920. Fólítì 110 ni tirẹ̀, kò nílò bátìrì rẹpẹtẹ, bí ará ilé bá sì ti tan gílóòbù kan, ẹ́ńjìnnì á ṣí fúnra rẹ̀. Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1936 láti fa iná dé oko ló sọ púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí di irin inú abà.

Nọ́ńbà yìí hàn lára gbogbo ohun tó kù. Gílóòbù wọ́ọ̀tì 40 lórí fólítì 110 ń fa nǹkan bí ámpù 0.36. Lórí 32, ámpù 1.25 ló ń fà. Torí náà wáyà ilé oní-32 ní láti nípọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná yóò ti rẹ̀ kó tó dé yàrá tó jìnnà. Bí ẹ bá rí wáyà ńlá lára iná kékeré, ẹ má tètè sọ pé àṣìṣe oníṣẹ́ ni.

Iná tààrà sì ni, ìyẹn DC, tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Iná tí à ń lò nílé lónìí ń dé òdo ní ìgbà 100 tàbí 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ló ń jẹ́ kí ìtàpá inú súwíìṣì tètè kú. Iná tààrà kì í dé òdo. Ìdí nìyẹn tí súwíìṣì àtijọ́ fi ní sípíríńgì tó lágbára, tó máa ń ró “tá!” nígbà tí ẹ bá yí i. Bí kò bá ró bẹ́ẹ̀ mọ́, tó kàn ń yí gọ̀ọ́gọ̀ọ́, sípíríńgì rẹ̀ ti kú. Ẹ fi ṣe ohun wíwò, ẹ má gbé iná gbà á kọjá.

Ohun tí a ń wò kí a tó rà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gílóòbù. Èyí tó ní ṣóńṣó gíláàsì lórí, níbi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde tí wọ́n sì dí i, sábà máa ń dàgbà ju èyí tí orí rẹ̀ dán lọ, torí láàárín ọdún 1920 sí 1929 àwọn oníṣẹ́ ti ń gbé ibi dídí náà lọ sí ìdí. Wáyà inú rẹ̀ lè jẹ́ kábọ́ọ̀nù tàbí tọ́ńsítìn. Tọ́ńsítìn, irin líle kan, tó ṣe é fà bí òwú, èyí tí William Coolidge, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ṣe, dé ọjà ní nǹkan bí 1910. Gílóòbù tí wọ́n fi gáàsì kún inú rẹ̀, iṣẹ́ Irving Langmuir, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, tẹ̀lé e ní 1913.

Ojú nìkan kò tó láti fi mọ̀ wọ́n, pàápàá nísinsìnyí tí wọ́n ń ṣe gílóòbù tuntun tó ń díbọ́n bí àgbà. Mítà ló ń sọ òtítọ́, nípa òóòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń ta ko iná tó. Tọ́ńsítìn tútù kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òóòmù rẹ̀ nígbà tó bá ń tàn. Kábọ́ọ̀nù ni òdìkejì, òóòmù rẹ̀ ga nígbà tó bá tutù, ó sì ń wálẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Ẹ ṣe ìṣirò náà báyìí. Fólítì ẹ̀ẹ̀mejì lórí ara wọn, ẹ fi wọ́ọ̀tì pín in. Fún gílóòbù wọ́ọ̀tì 50 ti fólítì 110, 110 lọ́nà 110 jẹ́ 12,100. Tí a bá fi 50 pín in, ó jẹ́ òóòmù 242. Bí mítà bá ka nǹkan tó ju 242 lọ lórí gílóòbù tútù, kábọ́ọ̀nù ni. Bó bá ka 20, tọ́ńsítìn ni, ohun yòówù tí ẹni tó ń tà á lè máa sọ. Iná bátìrì mítà kéré, kò lè pa á lára. Àmọ́ bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí èéfín nínú gíláàsì, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ẹ má tàn án rárá.

Lára ilé gílóòbù àti súwíìṣì, ẹ máa ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára idẹ. Déètì tí ẹ bá rí níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣe nǹkan ọ̀hún. Ilé gílóòbù oníṣéènì tí ẹ fi ń tàn tí ẹ fi ń pa, èyí tí Harvey Hubbell gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1896, wà lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tí déètì yẹn ń sọ ni pé nǹkan náà kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Súkúrù tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú kò wọ́pọ̀ kó tó di nǹkan bí ọdún 1936. Bí wọ́n bá ní ti 1915 ni iná kan, tí ẹ wá bá irú súkúrù bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, ẹnìkan ti tú u rí. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ san owó ojúlówó lé e. Ẹ mú óòfà kékeré dání pẹ̀lú. Idẹ gidi kì í fà á, irin tí wọ́n fi idẹ bò nìkan ló ń fà á.

Ilé gílóòbù idẹ kan, láti òde dé inú

Ẹ wò ó dáadáa níbi tí ìkòkò idẹ òkè ti pàdé ìdérí rẹ̀, ẹ máa rí ibi tí wọ́n tẹ PRESS sí. Àtàǹpàkò ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò yọ. Ẹ má fi púláyà fà á, torí idẹ yẹn tinrín bí páálí, bí ó bá sì ti wọ́, kò ní jókòó padà mọ́. Nínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí ni páálí aláwọ̀ ilẹ̀ tó yí ká bí ẹ̀wù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jù ú nù pé pàǹtí ni. Òun gan-an ló ń dènà kí súkúrù tí iná wà lára rẹ̀ má kan idẹ tí ọwọ́ ń kàn lóde. Bí ó bá ti fọ́, ẹ gé tuntun láti inú páálí tí wọ́n ṣe fún ìdènà iná mọ̀nàmọ́ná, kí ó ga tó ti àtijọ́.

Lábẹ́ páálí yìí ni tánganran wà, súkúrù méjì, àti wáyà. Aṣọ òde wáyà lè dára lójú kí rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ níbi tó ti wọlé. Bí ó bá rún wómúwómú bí ewé gbígbẹ, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. Bí ohun tó yí wáyà ká bá rí bí òwú funfun tàbí eérú tó rọ̀, pàápàá nínú iná tó máa ń gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ ẹ. Ẹ di i sínú ọ̀rá méjì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà bá yín yọ ọ́. Súwíìṣì tó ní omi fàdákà nínú gíláàsì, mákúrì nìyẹn, ibi tí kò ti lè já bọ́ ni kí ẹ tò ó sí.

Wáyà tuntun tí wọ́n fi aṣọ bò wà lọ́jà, 0.75 mm² sì tó fún iná kan tí gílóòbù rẹ̀ kò ju wọ́ọ̀tì 60 lọ lórí fólítì 110 tàbí 230. Fún 32, ẹ lọ sí 1.5 mm². Kí wáyà tó dé súkúrù, ẹ ta kókó sí i nínú ìdérí, kí ẹni tó bá fà á láti òde má lè fà á yọ lẹ́nu súkúrù. Láìfù ń lọ sí ahọ́n àárín, níútírà ń lọ sí idẹ tí à ń lọ́ gílóòbù sí. Bí ẹ bá gbé e yí, gbogbo idẹ ìdí gílóòbù ni iná yóò wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ara onírin gbọ́dọ̀ ní wáyà ẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà kò fi sí i. Ihò kékeré kan níbi tí kò ti hàn ti tó fún un.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò. Ẹ yọ gílóòbù, ẹ so láìfù àti níútírà pọ̀, kí ẹ sì fi mẹ́gà onífólítì 500, ìyẹn mítà tó ń wo bóyá iná ń jò, wọn láti ibẹ̀ sí ara onírin. Tí kò bá tó mẹ́góòmù 1 (òóòmù mílíọ̀nù kan), ẹ padà tú u. Ẹni tó bá tan iná ní òpin iṣẹ́ tó sì rí i pé ó tàn kò tíì dán nǹkan kan wò.

Ní ti fífọ̀, ọwọ́ fífúyẹ́ ló dára. Idẹ tí òjò àti ọjọ́ ti sọ di aláwọ̀ koko sàn ju idẹ tí wọ́n fi ọṣẹ ìdán-idẹ wẹ̀ tó ń dán bí agogo tuntun lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fífọ̀ abọ́ díẹ̀ tó fún ìkòkò idẹ tí ẹ ti tú inú rẹ̀ kúrò. Bákẹ́láìtì, ìyẹn páláàsítíìkì líle àtijọ́, kò fẹ́ kí a rì í sómi, aṣọ títutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ jìnnà sí pátákó orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kún inú lẹ́tà rẹ̀. Ohun tí ẹ fi ń dán irin yóò kó ọ̀dà náà lọ, nọ́ńbà ẹ̀rọ yín náà á sì bá a lọ.

Títò wọn kí wọ́n sì tàn

A kì í fún gílóòbù àtijọ́ ní fólítì tó pé. Fún tọ́ńsítìn, bí fólítì bá fi ìdá mẹ́wàá kan lé, ẹ̀mí rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ó bá fi ìdá mẹ́wàá kan dín, ẹ̀mí rẹ̀ á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Àǹfààní ńlá nìyí fún ẹni tó ní gílóòbù fólítì 32. Ẹ ra àpótí agbéná DC fólítì 24 lásán, irú èyí tí wọ́n ń lò fún iná LED, kí ẹ fi tan gbogbo rẹ̀. Fólítì náà á jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ á wálẹ̀ sí díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, ojú á sì lè wo wáyà inú rẹ̀ láìdùn. Fíúùsì kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sún mọ́ àpótí náà. Fún ti 110, ẹ lo tiransifọ́mà tí ọwọ́ iná wíwọlé rẹ̀ kò kan ti jíjáde, kí ẹ sì ti fáríákì, ẹ̀rọ tí à ń yí láti gbé fólítì sókè tàbí sílẹ̀, sẹ́yìn rẹ̀. Láti òdo ni kí ẹ ti máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró ní 90. Ẹ̀rọ tó ń já iná ní míliámpù 30 gbọ́dọ̀ wà níwájú gbogbo rẹ̀.

Pátákó ìpàtẹ tó ń kọ́ni jẹ́ èyí tí wáyà hàn lórí rẹ̀. Ẹ lo kókó tánganran àtijọ́ láti gbé wáyà kúrò lára igi, ó kéré tán mílímítà 25, kí ẹ sì fi ọ̀pá tánganran sí gbogbo ibi tí wáyà bá ti la igi kọjá. Wáyà méjèèjì kì í rìn pa pọ̀. Òfuurufú tó wà láàárín wọn ni ìdènà wọn. Bí ẹ bá rí irú wáyà yìí nínú àjà tí wọ́n ti da òwú amúlé-gbóná lé lórí, ẹ ti mọ ìdí tó fi ń jóná: kò rí atẹ́gùn tí yóò fi tutù.

Ẹ so ìwé pélébé mọ́ ohun kọ̀ọ̀kan, kí fólítì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ lórí rẹ̀. Òwú pupa fún èyí tí a kò gbọ́dọ̀ gbé iná sí láé.

Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn pẹ́

Ẹ má yí i! Ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, òun ló sì ń ṣẹ́ ríìngì písítìn. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ da ọ́ìlì tín-ín-rín tó ń wọnú ìdípẹtà bí ìdajì ife kékeré sínú sílíńdà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú àgbá yíyí rẹ̀, kí ẹ mì ín síwájú sẹ́yìn, mílímítà kan, méjì. Bí kò bá gbà, ẹ fi ọ́ìlì kún un, ọ̀sẹ̀ mìíràn. A kì í fi òòlù lu orí písítìn, a kì í sì fi ọ̀pá gígùn fa àgbá. Irin dídà tí ọjọ́ ti gbó ń sán bí àwo.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e, okùn kò gbọ́dọ̀ kan àwọn abẹ́ tín-ín-rín tó yí sílíńdà ká. Ẹ so ó mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ igi onígun mẹ́rin méjì tó nípọn 100 mm.

Ọ́ìlì àtijọ́ ti di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀, ẹ kó ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú ọwọ́. Bí ẹ kò bá lè ṣí i, ẹ lo SAE 30 tí kò ní ọṣẹ nínú. Ọ́ìlì òde òní tó ní ọṣẹ á tú ẹrẹ̀ náà sílẹ̀, á sì dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Táńkì epo náà gbọ́dọ̀ di fífọ̀, torí pẹtiróòlù tó ti pẹ́ máa ń di gọ́ọ̀mù nínú kábúrétọ̀.

Ọwọ́ iná ni ó máa ń gba sùúrù jù. Kọ́mútétọ̀, ìyẹn àgbá bàbà tí bírọ́ọ̀ṣì (ẹyọ kábọ́ọ̀nù tó ń gba iná lára rẹ̀) ń rìn lé, yẹ kó ní àwọ̀ bíi ṣokoléètì. Bó bá dúdú tó sì ń hanni lọ́wọ́, ẹ fi pépà oníyanrìn tó kúnná há a bí ẹ ti ń yí i. Ẹ má lo pépà ẹ́mẹ́rì, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ ń gbé iná, ó sì ń ti ara rẹ̀ wọ àárín àwọn bàbà náà. Máíkà, òkúta pẹlẹbẹ tó ń dènà iná, tó wà láàárín bàbà kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ relẹ̀ díẹ̀ ju bàbà lọ. Bí wọ́n bá dọ́gba, bírọ́ọ̀ṣì á máa fò, yóò sì máa tàpá. Bírọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ máa rìn wọlé rìn jáde nínú ilé rẹ̀ láìhá. Bí mẹ́gà bá sọ pé ọ̀rinrin ti wọ wáyà inú jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé apá tó ń yí sínú ibi gbígbóná tó jẹ́ 60 sí 80 °C fún ọ̀sán kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Jẹnẹrétọ̀ tó pé ní gbogbo ọ̀nà lè yí tì kó má mú iná kankan wá. Ó ti gbàgbé óòfà rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró, ẹ gbé bírọ́ọ̀ṣì sókè, kí ẹ fi bátìrì fólítì 12 kan wáyà fíìdì (wáyà tó ń sọ irin inú jẹnẹrétọ̀ di óòfà) fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù. Bí ẹ bá gbé e yí, iná á jáde, ṣùgbọ́n á jáde ní òdì, á sì ba bátìrì tí ẹ bá so mọ́ ọn jẹ́.

Ní ti àwọn ìkòkò bátìrì onígíláàsì, òfìfo ni kí wọ́n wà lórí pẹpẹ. Ásíìdì tó kù nínú wọn, ẹ fi báíkábónéètì sódà pa á títí kò fi ní hó mọ́. Ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú tó wà nísàlẹ̀ ní òjé nínú, ẹ lo ìbọ̀wọ́, ẹ má sì dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nínú àwọn kan, ẹ máa rí bọ́ọ̀lù kéékèèké: wọ́n ń léfòó nígbà tí bátìrì bá kún, wọ́n sì ń rì bí ó ṣe ń tán. Ẹ tọ́jú wọn, òun ni àwọn àlejò máa ń béèrè jùlọ. Bátìrì tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn: fólítì 12 méjì àti 8 kan jẹ́ 32, gáàsì tó ń jáde lára wọn ń gbiná, nítorí náà ẹ fún wọn ní atẹ́gùn. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fi bátìrì ṣí ara wọn, torí jẹnẹrétọ̀ náà ń di mọ́tò nígbà tí ẹ bá tẹ ọwọ́ rẹ̀. Ìdí náà ló fi jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí ẹ kò já a kúrò, bátìrì á máa yí i lásán títí yóò fi gbẹ. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ámítà, mítà tó ń ka ámpù.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣí i. Èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ilẹ̀kùn ṣíṣí lè yanjú. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni ẹ fi ń yí i, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kí ẹ sì máa fà á sókè. Ẹ́ńjìnnì tó bá ta padà ń ṣẹ́ ọwọ́ tó bá di ọ̀pá mú ṣinṣin.

Láti pa á, ẹ má kàn já púlọ́ọ̀gì. Ẹ ti ẹnu epo, kí ẹ jẹ́ kó mu gbogbo ohun tó wà nínú kábúrétọ̀ tán, kó wúkọ́, kó dúró fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá tutù, ẹ fa epo táńkì jáde, kí ẹ fi ọwọ́ yí àgbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ó ń ta kò yín. Ibẹ̀ ni fáàfù méjèèjì ti pa dé. Ẹ fi í síbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù má bàa rí ọ̀nà wọ inú sílíńdà, kí ẹ tó gbé e padà sínú ilé.